Ohun tí Átọ́ọ̀mù Àjèjì Ń Ṣe Nínú Magnesium Diboride

Ẹ̀yin olùwòran wa, ẹ kú ìjókòó. Ìyẹ̀fun dúdú tí ẹ ń wò yìí ni magnesium diboride. Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ kẹ́místírì ti mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ọdún 2001 ni Jun Akimitsu àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Aoyama Gakuin, ní orílẹ̀-èdè Japan, kéde pé bí ó bá tutù dé 39 kelvin, ìyẹn ìwọ̀n 234 sí ìsàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó ń di superconductor: iná mànàmáná á máa gba inú rẹ̀ kọjá láìsí ìdíwọ́ kankan.

Ẹ wo bí átọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣe tò. Àwọn bórọ́ọ̀nù so kọ́ra ní igun mẹ́fà-mẹ́fà bí afárá oyin, mágníísíọ̀mù sì wà láàárín ìpele kan sí èkejì. Bí bórọ́ọ̀nù wọ̀nyí ṣe ń gbọ̀n ló ń mú kí ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù so pọ̀ ní méjì-méjì, tí wọ́n sì ń rìn láìpàdánù agbára. Ṣùgbọ́n kí èyí tó lè ṣeé ṣe dáadáa, àyè òfìfo gbọ́dọ̀ wà láàárín àwọn ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù tó so bórọ́ọ̀nù mọ́ bórọ́ọ̀nù. Àyè yìí ni kí ẹ fọkàn sí.

Bí a bá fi àlùmíníọ̀mù rọ́pò díẹ̀ lára mágníísíọ̀mù, ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù mẹ́ta ni yóò yọ̀ǹda dípò méjì, èyí tó lé sì ń lọ dí àyè náà, débi pé bí àlùmíníọ̀mù ṣe ń pọ̀ sí i ni ìwọ̀n 39 yẹn ń já wálẹ̀. Aluminium diboride fúnra rẹ̀, tí ìtò rẹ̀ kò yàtọ̀, kì í ṣe superconductor. Síǹkì, tó ń yọ̀ǹda méjì bíi mágníísíọ̀mù, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí nǹkan kan padà. Ti máńgáníìsì ló le jù, nítorí agbára òòfà tó gbé wọlé ń tú àwọn méjì-méjì náà ká: nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún péré ti tó láti fòpin sí gbogbo rẹ̀.

Kábọ́ọ̀nù ló wù mí jù nínú gbogbo wọn. Ipò bórọ́ọ̀nù ló ń gbà, ó sì ń dí àyè pẹ̀lú. Bí ó bá tó bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, 39 á wálẹ̀ sí nǹkan bíi 22. Ẹnikẹ́ni lè pe èyí ní àdánù, ṣùgbọ́n èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Magnesium diboride tí a kò po nǹkan kan mọ́ kò lè fara da òòfà tó ju nǹkan bíi 16 tesla (òṣùwọ̀n agbára òòfà) lọ kódà nínú òtútù tó le jù. Nígbà tí kábọ́ọ̀nù bíi márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún bá wà níbẹ̀, tó sì ń da ìrìn ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù rú, ó lè fara da ohun tó lé ní 30. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe wáyà rẹ̀ fún òòfà ńlá fi ń dìídì po èròjà tó ní kábọ́ọ̀nù, bíi silicon carbide, mọ́ ìyẹ̀fun mágníísíọ̀mù àti bórọ́ọ̀nù, kí wọ́n tó kì í sínú ọ̀pá irin, kí wọ́n fa ọ̀pá náà títí yóò fi tín-ín-rín, kí wọ́n sì gbé e sínú iná ìléru.