Ọ̀nà Ló Ń Sọ Ẹrù Tí A Ó Dì: Kẹ̀kẹ́ àti Àgọ́ Lẹ́bàá Odò Danube, Láti Passau Dé Vienna

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ará mi. Ìrìn-àjò orí kẹ̀kẹ́ ológeere ní ilẹ̀ Yúróòpù la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lónìí: kí ènìyàn di àgọ́ àti aṣọ rẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́, kó máa wà á láti ìlú dé ìlú, kó pàgọ́ ní ìrọ̀lẹ́, kó sùn, kó sì tún gbéra láàárọ̀.

Bí ẹnì kan bá ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, ohun tó kọ́kọ́ máa ń béèrè ni pé, kẹ̀kẹ́ wo ni kí n rà? Àgọ́ wo ló dáa? Ẹ jẹ́ kí ìbéèrè yẹn dúró ná. Ọ̀nà ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn. Ẹni tó bá fẹ́ gun òkè Norway lóṣù Kẹsàn-án, ẹrù rẹ̀ kò lè bá ti ẹni tó ń tẹ̀lé odò lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn dọ́gba. Bí ẹ bá ra ẹrù kí ẹ tó yan ọ̀nà, ẹ ó ra ìlọ́po méjì ohun tí ẹ nílò, ẹ ó sì máa fi ẹsẹ̀ yín tì í lọ.

Yúróòpù ní àwọn ọ̀nà kẹ̀kẹ́ gígùn tó ń gba orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn. EuroVelo lorúkọ wọn, 17 sì ni wọ́n. EuroVelo 6 bẹ̀rẹ̀ létí òkun Atlantic ní ilẹ̀ Faransé, ó sì lọ títí dé Òkun Dúdú ní Romania, ohun tó lé ní kìlómítà 4,000. Apá kan nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́ gbà: láti Passau ní Jámánì dé Vienna, olú-ìlú Austria. Odò Danube ni ẹ ó máa tẹ̀lé. Ọ̀nà náà tó nǹkan bíi kìlómítà 320.

Kí ló dé tí mo fi yàn án? Odò kì í gùnkè. Passau fi nǹkan bíi 300 mítà ga ju òkun lọ, Vienna kò sì ju nǹkan bíi 160 lọ, nítorí náà ẹ̀yin àti omi lẹ jọ ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sábà máa ń ti wá, ẹ̀yìn yín ló sì máa ń wà. Ọ̀pọ̀ ibi lójú ọ̀nà náà ni wọ́n da ọ̀dà sí, tí mọ́tò kò sì gbà. Abúlé kò jìnnà sí abúlé. Ẹni tí ara rẹ̀ le dáadáa, tí kì í ṣe eléré ìdárayá, lè wa kìlómítà 45 sí 60 lóòjọ́ níbẹ̀, kó sì tún ní àyè láti wo ìlú. Ọ̀sẹ̀ kan ti tó.

Nítorí pé bí ọ̀nà ṣe rí nìyẹn, kẹ̀kẹ́ olówó ńlá kò pọn dandan. Kẹ̀kẹ́ yòówù tí bíréèkì rẹ̀ mú, tí gíà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, tó ní kárìà irin tó lágbára lẹ́yìn, tí táyà rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 35 sókè, yóò gbé yín dé Vienna. Tí owó bá wà, ẹ ná an sórí táyà tí ẹ̀gún kì í tètè gún. Ẹ mú tíúbù méjì, pọ́ǹpù, ohun tí a fi ń ṣí táyà, àti sípánà kékeré. Àwọn tó ń la ilẹ̀ tí kò sí ènìyàn kọjá máa ń gbé sípóòkù àti ṣéènì dání. Ẹ̀yin kò nílò wọn, ìlú tó ní ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ kò jìnnà síra. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ wọ ọkọ̀ òfurufú rárá lè yá a ní Passau kó dá a padà ní Vienna. Àwọn kan wà tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ó wá ku oorun. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, nítorí ẹni tí kò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ kejì kò ní gbádùn ọjọ́ kẹta. Àwa tí a dàgbà sínú ooru sábà máa ń rò pé àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn Yúróòpù kò lè tutù. Lóṣù Karùn-ún, òru lẹ́bàá odò yẹn lè bọ́ sí nǹkan bíi dígírì 5. Bí ẹ bá fẹ́ ra àpò tí a ń kó sínú rẹ̀ sùn, ẹ ó rí ọ̀rọ̀ mẹ́ta lára rẹ̀: comfort, limit, extreme, nọ́ńbà òtútù sì wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Comfort ni ìwọ̀n òtútù tí obìnrin kan lè sùn nínú rẹ̀ ní ìrọ̀rùn. Limit ni ti ọkùnrin tó ká ara rẹ̀ kò, tí kò sì jí. Extreme kì í ṣe ti oorun rárá: ibẹ̀ ni àpò náà kàn ń du ẹ̀mí ènìyàn. Àwọn tó ń tajà sì lè fi nọ́ńbà tó kéré jù síwájú, kí àpò wọn lè dà bí akọni. Comfort nìkan ni kí ẹ wò. Fún oṣù Kẹfà sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, àpò tí comfort rẹ̀ wà ní nǹkan bíi dígírì 5 yóò fi yín lọ́kàn balẹ̀.

Ilẹ̀ ló kù. Ara yín yóò tẹ ìsàlẹ̀ àpò yẹn pẹlẹbẹ, kò sì ní lè mú ooru mọ́. Ilẹ̀ yóò wá máa fa ooru yín lọ ní gbogbo òru. Ẹní tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ló ń dí i lọ́wọ́. Wọ́n máa ń kọ R-value sára rẹ̀; bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe ga tó ni ilẹ̀ kò ṣe ní rí yín mú tó. Láti 2 sí 3 ti tó fún àsìkò yìí. Bí owó kò bá tó nǹkan méjèèjì, ẹ má ṣe fi ẹní rúbọ nítorí àpò.

Àgọ́ tí kò ju kìlógíráàmù méjì lọ wà fún ènìyàn méjì. Ẹ pàgọ́ náà nílé, ẹ tú u, ẹ tún un pa, títí ọwọ́ yín yóò fi mọ̀ ọ́n nínú òkùnkùn. Òjò lè bẹ̀rẹ̀ lásìkò tí ẹ kò retí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òjò mú mi rántí àwọn báàgì tí ẹ ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ àwọn arìnrìn-àjò. Hartmut Ortlieb, ọmọ Jámánì kan, ló ń wa kẹ̀kẹ́ kiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òjò ń pa á. Ó rí ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n fi tàpólì bo ẹrù inú rẹ̀, ẹrù náà sì gbẹ. Ó padà sílé, ó fi tàpólì rán báàgì lórí ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀, ó sì dá ilé-iṣẹ́ Ortlieb sílẹ̀ ní 1982. Títí dòní, báàgì tí a ń ká lẹ́nu pọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń gbà ènìyàn níyànjú pé kó rà. Tí owó rẹ̀ bá ga, ẹ kó aṣọ sínú ọ̀rá líle kí ẹ tó kó o sínú báàgì lásán. Ohun tó wúwo, ẹ kó o sí ìsàlẹ̀, kí ọ̀tún àti òsì sì dọ́gba. Bí gbogbo ẹrù bá ti ju kìlógíráàmù 15 lọ lójú ọ̀nà yìí, ẹ tú u, ẹ yọ nǹkan kúrò.

Sítóòfù ńkọ́? Ẹ lè fi sílẹ̀. Ilé búrẹ́dì wà káàkiri. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ omi gbígbóná láàárọ̀, kó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń gba agolo gáàsì wọ ọkọ̀ òfurufú, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu agolo gáàsì kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo: èyí tó ń yí wọlé yàtọ̀ sí èyí tí ilé-iṣẹ́ Campingaz ń lò. Sítóòfù tó ń jó sípíríìtì, irú ti Trangia láti Sweden, kò ní wàhálà yẹn, nítorí wọ́n ń ta sípíríìtì rẹ̀ ní Jámánì àti Austria. Inú rẹ̀ kò ní ohun kan tó lè bàjẹ́. Ẹ má dáná nínú àgọ́ láéláé, bó ti wù kí òjò pọ̀ tó. Èéfín tí ojú kò rí, tí imú kò gbọ́, ń pa ènìyàn lójú oorun.

Ẹni tó bá ti London wá, kó di gaàrí díẹ̀ sínú ọ̀rá. Kò wúwo, kò fẹ́ iná. Ṣùgbọ́n ẹran àti wàrà, títí kan kílíṣí, òfin kò gbà kí ẹ kó wọn wọ orílẹ̀-èdè European Union, yálà láti Nàìjíríà tàbí láti Britain.

Ọjọ́ Àìkú! Ní Jámánì àti Austria, súpámákẹ́ẹ̀tì kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú, àyàfi díẹ̀ nínú ibùdókọ̀ rélùwéè ńlá. Bákan náà ni ọjọ́ ìsinmi ìjọba, irú bíi 15 oṣù Kẹjọ, tí í ṣe ọjọ́ Màríà Mímọ́ ní Austria. Ẹ ra oúnjẹ ọjọ́ méjì ní ọ̀sán Sátidé. Ní ti omi, tí ìgò bá gbẹ, ẹ wo ibojì ìlú: ẹ̀rọ omi máa ń wà níbẹ̀ fún àwọn tó ń bomi rin òdòdó. Bí wọ́n bá kọ “Kein Trinkwasser” sí i, ìyẹn ni pé kì í ṣe omi mímu, ẹ má mu ún.

Ibi tí ẹ ó sùn ńkọ́? Ẹ kò lè kàn ya sínú oko olóko pàgọ́. Scotland, Norway àti Sweden gba ènìyàn láyè; ọ̀nà tiwa yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ibùdó àgọ́ tí a ń sanwó sí ni kí ẹ lò, wọ́n sì pọ̀ lẹ́bàá odò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń ti ọ́fíìsì wọn fún ìsinmi ọ̀sán, láti nǹkan bí aago kan sí aago mẹ́ta, nítorí náà ẹ má bínú tí ẹnikẹ́ni kò bá dáhùn. Ẹ ní owó wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ fún omi gbígbóná ní balùwẹ̀. Bí òjò bá ti ń rọ̀ léraléra, ẹ pàgọ́ sí apá tó ga. Lóṣù Kẹfà 2013, odò kún ní Passau débi tí wọn kò rí irú rẹ̀ fún ohun tó lé ní 500 ọdún, àmì ibi tí omi dé sì wà lára gbọ̀ngàn ìlú wọn.

Lójú ọ̀nà, ẹ ó kọ́kọ́ rí ibi tí odò mẹ́ta ti pàdé ní Passau: Danube, Inn àti Ilz. Ní Schlögen, odò yí padà pátápátá bí ẹni gbàgbé nǹkan sílé. Ní Ottensheim, kí ẹ tó dé Linz, ọkọ̀ ojú omi kan wà tí kò ní ẹ́ńjìnnì. Wọ́n so ó mọ́ wáyà tó dá odò kọjá, agbára omi ló sì ń tì í lọ tó ń tì í bọ̀. Lẹ́yìn Linz ni Mauthausen, níbi tí àwọn Nazi ti ní àgọ́ ìfìyàjẹni láti 1938 dé 1945. Ó kéré tán, 90,000 ènìyàn ló kú níbẹ̀ àti nínú àwọn ẹ̀ka rẹ̀. Ó wà lórí òkè, ìgòkè rẹ̀ sì le. Ẹ fi ẹrù sílẹ̀ ní ibùdó, kí ẹ gòkè lọ, kí ẹ sì fún un ní odindi ọ̀sán.

Láti Melk dé Krems ni àfonífojì Wachau, tí àjọ UNESCO fi sára ogún àgbáyé ní 2000. Ọgbà àjàrà wà lára òkè ní ìpele-ìpele. Lóṣù Keje ni èso apricot wọn máa ń pọ́n, àwọn àgbẹ̀ sì ń tà á lẹ́bàá ọ̀nà. Ní Willendorf ni wọ́n ti wú ère obìnrin kékeré kan jáde ní 1908, gíga rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 11 lọ, ọjọ́ orí rẹ̀ sì ju ọdún 25,000 lọ. Vienna ni ojúlówó rẹ̀ wà báyìí. Lórí òkè Dürnstein, ẹ ó rí àwókù ààfin tí wọ́n ti Richard Kìíní, ọba Gẹ̀ẹ́sì, mọ́ ní ìparí 1192. Bí ẹ bá fẹ́ dín ọjọ́ kù, ẹ dín in níbòmíràn. Ọjọ́ méjì ni kí ẹ fún Wachau.

Ìwé ẹ̀rí wá kù. Ẹni tó bá ń lo páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà nílò físà Schengen, físà kan ṣoṣo tó gba ènìyàn wọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, kódà tó bá ní ìwé ìgbélùú Britain. Orílẹ̀-èdè tí ẹ ó ti sun òru jù lẹ ó tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọ̀nà yìí, Austria ni. Ẹ lè tọrọ rẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú, ó pẹ́ jù, ọjọ́ 15 ṣáájú. Ìwé ìbánigbófò ìlera tó lè san 30,000 yúrò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n á béèrè ibi tí ẹ ó sùn, nítorí náà ẹ kọ̀wé sí àwọn ibùdó àgọ́ kí wọ́n dá yín lóhùn. Ẹni tó ní páásípọ́ọ̀tù Britain kò nílò físà, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ lò ju ọjọ́ 90 lọ nínú ọjọ́ 180. Tí ẹ bá ń mú ọmọ lọ, òfin Austria ni pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 gbọ́dọ̀ dé àṣíborí lórí kẹ̀kẹ́. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112, ní gbogbo ibẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá wọ Vienna, ẹ lè gba Donauinsel, erékùṣù gígùn kìlómítà 21 tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe nítorí ìkún omi, wọ inú ìlú láìbá mọ́tò du ọ̀nà. Ní ti pípadà, kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ ní àyè tirẹ̀ nínú rélùwéè tó ń sáré, bíi Railjet, àyè yẹn kò sì pọ̀ rárá. Ọjọ́ kan náà tí ẹ bá ra tíkẹ́ẹ̀tì ara yín ni kí ẹ gba ti kẹ̀kẹ́, kí ẹ tó kúrò nílé.