Kí ló ń sọ tíìmù basketball yunifásítì di ọ̀gá láàárín ẹgbẹ́ ẹ̀?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jẹ́ n tètè dárúkọ Hakeem Olajuwon, torí tí mi ò bá tètè dárúkọ ẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ máa bá mi dárúkọ ẹ̀. Ọmọ wa ni, Èkó ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1963, handball àti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló ń gbá kó tó di pé ó bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, ló bá kọjá sí Yunifásítì Houston ní Texas, ọdún mẹ́ta ló fi gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn ni Houston sì wọ Final Four, ìyẹn ibi tó máa ń ku tíìmù mẹ́rin péré nínú ìdíje NCAA, ìdíje àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, tẹ́ ẹ bá ní kí ará Amẹ́ríkà tó mọ basketball dáadáa ka àwọn iléèwé tó jẹ́ ọ̀gá fún yín, àwọn tí wọ́n ń pè ní blue blood, ó máa ka Kentucky, á ka Kansas, á ka North Carolina, Duke, UCLA, ìyẹn Yunifásítì California ní Los Angeles, kò ní rántí Houston rárá. Kí ló dé? Ohun tá a fẹ́ tú wò lónìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo Albuquerque, oṣù kẹrin ọdún 1983, ìdíje àṣekágbá, Houston àti North Carolina State. Kò sẹ́ni tó rò pé Houston máa pàdánù. Phi Slama Jama ni wọ́n ń pè wọ́n nígbà yẹn torí dọ́ǹkì ni iṣẹ́ wọn, ìyẹn kéèyàn fò sókè kó fọwọ́ ti bọ́ọ̀lù bọ inú agbọ̀n, Clyde Drexler wà níbẹ̀, Hakeem wà níbẹ̀, nígbà tí North Carolina State ti pàdánù ìdíje mẹ́wàá ní sáà yẹn kó tó di pé wọ́n débẹ̀. Àmọ́ Jim Valvano tó jẹ́ kóòṣì wọn gbọ́n, ó ní káwọn ọmọ ẹ̀ máa mọ̀ọ́mọ̀ fọ́ọ̀lù àwọn ará Houston kí wọ́n lè lọ ju free throw, ìyẹn bọ́ọ̀lù téèyàn ń dá jù sí agbọ̀n láìsẹ́ni tó máa dí i lọ́wọ́, ṣebí gbogbo ayé ló mọ̀ pé free throw ò sí lọ́wọ́ Houston. Bí wọ́n ṣe ń jù ú tí kò ń wọlé nìyẹn títí ó fi di 52 sí 52. Aago ti fẹ́ẹ̀ tán, Dereck Whittenburg kàn ju bọ́ọ̀lù látọ̀ọ́kán, bọ́ọ̀lù ò tiẹ̀ kan irin, ó kúrú, Lorenzo Charles tó dúró lábẹ́ agbọ̀n kàn fò, ó gbá a mú lójú afẹ́fẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ wọlé. 54 sí 52, ó tán. Valvano bẹ̀rẹ̀ sí í sáré káàkiri orí pápá, ó ń wá ẹni tó máa dì mọ́. Hakeem jẹ póìǹtì 20 lálẹ́ ọjọ́ náà, ó já rebound 18, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù tí kò wọlé, òun ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ ẹni tó ta yọ jù ní Final Four bó tiẹ̀ jẹ́ pé tíìmù ẹ̀ ló pàdánù, kò sì tíì sí ọkùnrin kankan tó tún gbà á bẹ́ẹ̀ látìgbà náà.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e wọ́n tún dé àṣekágbá, Georgetown ti Patrick Ewing ló nà wọ́n. Hakeem lọ sí NBA, líìgì àwọn tó ń fi basketball ṣiṣẹ́ ṣe, òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú nínú draft 1984, ìyẹn ibi táwọn tíìmù NBA ti ń yan ọmọ tuntun, wọ́n mú un ṣáájú Michael Jordan. Kóòṣì tó kó wọn jọ, Guy Lewis, fẹ̀yìn tì lọ́dún 1986, láti ìgbà náà lọ, ẹ̀yin èèyàn mi, Houston kàn wọlé sùn ni.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa sọ pé ife-ẹ̀yẹ la fi ń mọ ọ̀gá, lóòótọ́ ife ṣe pàtàkì, mi ò bá yín jà. Títí dé 2025, UCLA ní 11, Kentucky ní 8, North Carolina àti UConn, ìyẹn Yunifásítì Connecticut, ní 6, 6, Duke àti Indiana ní 5, 5, Kansas ní 4. Àmọ́ ife máa ń tan èèyàn jẹ. Ẹ wo UCLA, nínú 11 yẹn, 10 ló jẹ́ ti kóòṣì kan ṣoṣo, John Wooden, láàárín 1964 sí 1975, méje nínú ẹ̀ tẹ̀ lé ara wọn gbọọrọ láti 1967 dé 1973, Lew Alcindor tó padà di Kareem Abdul-Jabbar wà lára àwọn tó bá a gbà á, Bill Walton náà wà níbẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé pé nígbà yẹn tíìmù tó ń wọ ìdíje ò tó nǹkan, UCLA kàn máa ń na èèyàn mẹ́rin ni ife ti délé, nígbà tó jẹ́ pé láti 1985 ni tíìmù ti di 64, ó sì di 68 lọ́dún 2011, o gbọ́dọ̀ jáwé olúborí lẹ́ẹ̀mẹfà léraléra, tó o bá fi ẹ̀ẹ̀kan péré ṣubú, ilé yá. Wooden lọ lọ́dún 1975, ife kan ṣoṣo ni UCLA tíì rí gbà láti ìgbà náà, ti 1995.

Tàbí UNLV, Yunifásítì Nevada ní Las Vegas, ńkọ́? Lọ́dún 1990 wọ́n na Duke 103 sí 73 ní àṣekágbá, 30 póìǹtì, kò sẹ́ni tó tíì na èèyàn tó bẹ́ẹ̀ rí nínú àṣekágbá ìdíje yẹn. Jerry Tarkanian ni kóòṣì wọn. Ó kúrò lọ́dún 1992, àwọn náà ò padà dé Final Four mọ́ títí dòní.

Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ ẹ̀ ló ń fi rọ́pò. Ìdánwò tèmi nìyẹn o. Ẹ má bi mí pé ife mélòó lẹ gbà, ẹ bi mí pé nígbà tí ọ̀gá tó kọ́ ilé yẹn lọ, ta ló tún gba ife níbẹ̀?

Tẹ́ ẹ bá fi ojú yìí wò ó, ẹ máa rí ìdí tí Kansas fi jẹ́ Kansas bí ife ẹ̀ ò tiẹ̀ ju mẹ́rin lọ. James Naismith, ọkùnrin tó dá eré yìí sílẹ̀ gan-an ní Springfield, Massachusetts lọ́dún 1891, òun ni kóòṣì àkọ́kọ́ ní Kansas, ohun tó sì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé òun nìkan ni kóòṣì Kansas tí ìpàdánù ẹ̀ ju àṣeyọrí ẹ̀ lọ, ó jáwé olúborí nígbà 55, ó pàdánù nígbà 60. Ẹni tó dá eré sílẹ̀ o! Phog Allen ló gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, lára àwọn ọmọ tí Allen kọ́ ni Adolph Rupp tó lọ sí Kentucky lọ́dún 1930 tó gba ife mẹ́rin níbẹ̀, Dean Smith náà gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ Allen kó tó lọ jókòó sí North Carolina láti 1961 dé 1997. Roy Williams tó ṣe igbákejì fún Smith wá lọ di kóòṣì ní Kansas, ó lo ọdún 15 níbẹ̀, ló bá tún lọ sí North Carolina, ó gba ife mẹ́ta fún wọn. Ṣé ẹ rí i pé ilé kan náà ni gbogbo wọn ti jáde? Kansas ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́nu ẹ̀, kóòṣì mẹ́jọ péré ni wọ́n tíì ní, láti 1990 títí dé 2025 kò sí ọdún tí wọ́n ṣe ìdíje NCAA tí wọn ò sí níbẹ̀.

Kentucky ní tiwọn, kóòṣì márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti gba ife fún wọn, Rupp, Joe B. Hall, Rick Pitino, Tubby Smith, John Calipari. Tubby Smith tiẹ̀ gba tiẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́ tó débẹ̀, 1998. Kò sí tíìmù NBA kankan ní gbogbo ìpínlẹ̀ Kentucky, torí náà tọmọdé tàgbà ni wọ́n ń tẹ̀ lé yunifásítì, Rupp Arena gba èèyàn tó lé ní 20,000, ó sì ń kún.

Ọ̀rọ̀ fáànù, ẹ jẹ́ ká dúró níbẹ̀ díẹ̀, torí owó ò lè ra irú ẹ̀. Ní Duke, gbọ̀ngàn wọn kékeré ni, Cameron Indoor, ijókòó 9,314 péré, 1940 ni wọ́n ṣí i. Tí North Carolina bá fẹ́ wá gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń pa àgọ́ síwájú gbọ̀ngàn náà, nínú òtútù, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń sùn síta torí kí wọ́n lè rí àyè wọlé, wọ́n ń pe ibẹ̀ ní Krzyzewskiville, wọ́n fi orúkọ Mike Krzyzewski tó jẹ́ kóòṣì wọn tẹ́lẹ̀ sọ ọ́. Kì í ṣe pé o kàn máa gbé àgọ́ kalẹ̀ kó o lọ sùn sí yàrá o, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tí iṣẹ́ wọn ni láti máa yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n lè fun fèrè lóru ọ̀gànjọ́, tí iye èèyàn tó yẹ kó wà nínú àgọ́ yín ò bá pé, àyè yín lè lọ. Ọmọ tó ń kàwé láti di dókítà ló ń sùn nínú òjò dídì torí basketball! Ọmọ ọdún 17 tó bá wá wo iléèwé yẹn, tó rí èyí, ẹ rò pé kí ló máa ṣe?

Àwọn ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá náà sì ń wo ọ̀nà NBA. Kentucky 2012, Anthony Davis ni wọ́n kọ́kọ́ mú nínú draft, Michael Kidd-Gilchrist tó jọ wà ní tíìmù kan náà ni wọ́n mú tẹ̀ lé e. Bam Adebayo tí bàbá ẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọdún kan péré ló lò ní Kentucky kó tó wọ NBA lọ́dún 2017. Àmọ́ ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Ẹ rántí Michael Olowokandi, Èkó ni wọ́n bí òun náà sí, London ló dàgbà sí, òun ni wọ́n mú ní nọ́ńbà kìíní nínú draft 1998, Yunifásítì Pacific ní California ló sì ti jáde. Ẹ̀yin ẹ sọ fún mi, ta ló ń ka Pacific mọ́ àwọn ọ̀gá?

UConn ló ba ìṣirò gbogbo èèyàn jẹ́. Títí di 1999 wọn ò ní ife kankan. Jim Calhoun gba mẹ́ta, ó lọ, Kevin Ollie gba ti 2014, ilé wá fẹ́ wó lóòótọ́, wọ́n pàdánù ju bí wọ́n ṣe ń jáwé olúborí lọ fún sáà mélòó kan, Dan Hurley dé lọ́dún 2018, ó gbé 2023 àti 2024 tẹ̀ lé ara wọn, nínú ìdíje méjìlá tí wọ́n gbá nínú NCAA ọdún méjèèjì yẹn, kò sí èyí tí wọ́n fi póìǹtì tó kéré sí mẹ́wàá borí. Kóòṣì mẹ́ta, ife mẹ́fà, wọ́n ṣubú, wọ́n dìde. Lójú tèmi wọ́n ti wọ inú ilé, ẹni tó bá ń sọ pé wọn ò tíì pẹ́ tó, kó máa sọ ọ́ lọ.

Indiana lèmi máa yọ, ẹ má bínú o. Tíìmù 1976 wọn ò pàdánù rárá, 32 sí 0, tíìmù ọkùnrin kankan ò tíì tún un ṣe, àmọ́ ife wọn ìkẹyìn 1987 ni, lábẹ́ Bob Knight, wọ́n lé e lọ lọ́dún 2000, yàtọ̀ sí àṣekágbá 2002 tí wọ́n pàdánù fún Maryland, orúkọ nìkan ni wọ́n ń jẹ.

Houston ńkọ́? Ọmọ ẹni ò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì, mo mọ̀. Kelvin Sampson dé lọ́dún 2014, ó gbé wọn dìde, wọ́n wọ Final Four 2021, lọ́dún 2025 wọ́n padà dé àṣekágbá, wọ́n fi póìǹtì 12 ṣáájú Florida nígbà kan, wọ́n tún pàdánù, 65 sí 63. Àwọn ni, àmọ́ wọn ò tíì wọlé, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n wà.

Ní báyìí owó ti dé. Láti oṣù keje 2021 ni akẹ́kọ̀ọ́ ti lè fi orúkọ ara ẹ̀ pawó, láti 2025 iléèwé fúnra ẹ̀ ti lè san owó fún wọn, nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 ó lé díẹ̀ dọ́là lọ́dún fún gbogbo eré ìdárayá iléèwé kan, ọmọ tó bá sì ń bínú á gba transfer portal lọ síbòmíì. Àwọn kan ní èyí máa pa àwọn ọ̀gá àtijọ́. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀, àwọn tó ní fáànù jù náà ló ní olówó jù.

Duke ló ń kọ́kàn mi sókè jù nínú àwọn ọkùnrin, torí ife máràrún ni Mike Krzyzewski nìkan gbà. Jon Scheyer gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́dún 2022, ó dé Final Four 2025 pẹ̀lú Cooper Flagg, kò tíì gbé ife. Ẹ tún bojú wo ẹgbẹ́ obìnrin: Tennessee gba mẹ́jọ, Pat Summitt ló gba gbogbo ẹ̀, látìgbà tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2012 títí dé 2025 wọn ò fojú kan Final Four. UConn obìnrin ní 12, Geno Auriemma tó ti wà níbẹ̀ láti 1985 ló gba méjèèjìlá, ó sì ti lé ní 70 ọdún. Ẹni tó bá máa gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ ẹ̀, mo kí i kú orí ire, mo tún kí i kú ewu.