Ojú tí kò tẹ́jú nínú fítà fóònù

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Ìkẹjà, Èkó

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ káàsán o. Ẹ jẹ́ ká ti orí bándì 1800 MHz, ọ̀kan lára ọ̀nà ìgbì nẹ́tíwọ̀kì tí ẹ mọ̀ dunjú, bẹ̀rẹ̀. Láàárín 1710 sí 1785 MHz ni fóònù ti ń ránṣẹ́ jáde, láàárín 1805 sí 1880 ló ti ń gbà á wọlé. Àlàfo tó la méjèèjì kò ju 20 MHz lọ. Ibi tóóró yẹn ni fítà, ẹ̀yà tó ń yan ìgbì tó yẹ kó kọjá, ti gbọ́dọ̀ pààlà.

Awọ aluminium nitride kan ló ń ṣiṣẹ́ náà nínú ọ̀pọ̀ fóònù ìsinsìnyí. Iná á mú un gbọ̀n, ìgbọ̀n náà á di ìgbì, ìgbì á tún padà di iná. Ìgbì tó bá bá sísanra awọ náà mu ló máa kọjá. Sísanra ọ̀hún sì rèé, máíkírómítà (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà) kan sí méjì péré! Tó bá fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún yẹ̀, fíríkúẹ́ńsì lè yẹ̀ tó 18 MHz. Àlàfo wa fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n tẹ́ awọ yìí lé gan-an lọ̀rọ̀ wà. Molybdenum, irú mẹ́táàlì kan, ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ìsàlẹ̀. Awọ náà kì í ṣe odindi kan; kírísítálì wẹ́wẹ́ tó tò ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni. Bí ìsàlẹ̀ bá rí gbágungbàgun, ì báà jẹ́ nánómítà mélòó kan, kírísítálì á dagun. Ẹni tó bá ti lẹ táìlì sórí ilẹ̀ tí kò tẹ́jú rí mọ ohun tí mò ń wí. Àwọn tó ń ṣe é kì í fẹ́ kí ìdagun yẹn kọjá dígírì méjì. Bó bá pọ̀ jù, iná kì í di ìgbì dáadáa mọ́, ọ̀nà tí fítà ń ṣí sílẹ̀ á sì há. Ojú òkè tí kò jọ̀lọ̀ náà á tún tú ìgbì ká. Agbára á ṣòfò, etí ààlà fítà á dẹ̀, fóònù á wá máa fi bátìrì dí i.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni ti irú fítà kejì, èyí tí ìgbì ń gba ojú rẹ̀ lọ, irú ìgbì tí Rayleigh ṣàlàyé lọ́dún 1885. Ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ dán bíi dígí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ha á ni, kí ìgbì tó bá yọ́ gba ìsàlẹ̀ má bàa ta padà wá da iṣẹ́ rú.

Ẹnì kan bi mí pé: “Brọ̀dá, tí fítà bá bàjẹ́, ṣé ká má fi jọ́ńpà, wáyà tín-ín-rín yẹn, fò ó mọ́ ni?” Tó bá jẹ́ fítà ìgbàwọlé lásán, nẹ́tíwọ̀kì lè padà, àgàgà nítòsí òpó, níbi tí ìgbì bá ti pọ̀, ti aládùúgbò á máa wọlé sí i. Ṣùgbọ́n èyí tó so ìránṣẹ́ àti ìgbàwọlé pọ̀, ẹ má fò ó. Agbára tí fóònù ń tú jáde á kọlu etí tó fi ń gbọ́ràn. Ẹ pààrọ̀ ẹ̀.