Bí a ṣe ń pààrọ̀ ojú láptọ́ọ̀pù tó ṣókùnkùn

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń wo fídíò yìí. Ẹ wo láptọ́ọ̀pù tó wà níwájú mi. Mo ti tàn án. Ẹ ń gbọ́ fáànù rẹ̀ tó ń yí, iná kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnnì náà ń tàn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dúdú bí èédú. Ẹni tó bá rí i báyìí á ní kọ̀ǹpútà ti kú. Ẹ má tíì sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n pa iná yàrá yìí, kí n tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi, kí n sì tàn án sí ojú náà láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti iwájú tààrà. Ẹ sún mọ́ ọn. Ṣé ẹ rí i? Àwọn àmì kéékèèké tí a máa ń tẹ̀ nìyẹn, aago rèé nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Bàìbàì ni, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Àwòrán kò lọ síbì kankan. Iná tó yẹ kó mọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni kò tàn.

Ó nídìí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ níbí. Kò sí ohun tó ń dùn mí nínú iṣẹ́ yìí tó kí èèyàn fi owó rẹ̀ ra ojú tuntun, kó tú kọ̀ǹpútà palẹ̀, kó dè é padà, kí òkùnkùn náà sì tún wà níbẹ̀ digbí, torí pé wáyà ló bàjẹ́, ojú ò ṣe nǹkan kan. Ká mọ ibi tí àìsàn wà ná, ká tó ra oògùn.

Ojú láptọ́ọ̀pù tó jẹ́ LCD kì í tan ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ kọ́tìnì fèrèsé ló ń ṣe: ó ń ṣí, ó ń pa dé, ó ń yan ìmọ́lẹ̀ tó máa kọjá àti àwọ̀ tó máa gbé jáde. Ẹ̀yìn ni ìmọ́lẹ̀ gan-an ti ń wá. Backlight ni wọ́n ń pè é. Iná ẹ̀yìn ni èmi á máa pè é. Nínú àwọn láptọ́ọ̀pù àtijọ́, pàápàá èyí tó ṣáájú nǹkan bí ọdún 2009, ọ̀pá gíláàsì tín-ín-rín kan ni, CCFL lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni òun àti iná gbọọrọ tí wọ́n máa ń gbé sára àjà. Iná bátìrì kò lágbára tó láti tàn án. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún volt ló ń fẹ́, ìyẹn ni bọ́ọ̀dù kékeré kan tó ń jẹ́ invẹ́tà fi wà nísàlẹ̀ ojú náà, tó ń gbé agbára iná yẹn sókè. Ẹ má fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù yẹn nígbà tí kọ̀ǹpútà bá wà lórí iná, ó lè gbá yín burúkú. Nínú àwọn ti ìsinsìnyí, àwọn iná wíńníwínní tó ń jẹ́ LED, tí wọ́n tò sórí okùn pẹlẹbẹ kan, ló wà létí ìsàlẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ wọn á wọ inú ike kan tó mọ́ gaara, á sì tàn dé gbogbo ojú. Irú ojú míì tó ń jẹ́ OLED ní tiẹ̀ kò ní iná ẹ̀yìn rárá, píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán, ló ń tan iná tirẹ̀, nítorí náà tọ́ọ̀ṣì kò lè fi nǹkan kan hàn yín níbẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá àìsàn náà rí.

Tí ẹ bá rí ohun tó dà bí tàdáwà tó dà sílẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, tó sì ń ràn lójoojúmọ́, tàbí tí ẹ bá rí ibi tó ti sán, kò sí àròjinlẹ̀ kankan níbẹ̀. Ojú náà ti lọ. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Tó bá jẹ́ òkùnkùn tàbí ìlà ló wà níbẹ̀, ẹ so wáyà HDMI mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Lórí Windows, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti P pọ̀ kí ẹ lè yan ibi tí àwòrán máa lọ. Bí àwòrán bá mọ́ kedere lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ṣeé ṣe kí ara kọ̀ǹpútà le, àárín wáyà, ojú àti iná rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá ẹjọ́ sí. Bí ìlà kan náà bá yọ lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ má ra ojú kankan, inú kọ̀ǹpútà ni wàhálà yẹn ti ń bọ̀. Àwọn tó ń lo Dell tún ní ọ̀nà míì: ẹ pa á, ẹ di lẹ́tà D mú, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń tàn án. Lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, ojú náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí àwọ̀ wọ̀nyẹn bá mọ́ láìsí ìlà, kò sí ohun tó ṣe ojú náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ ṣí ìdérí, ẹ dá a padà, ẹ tún ṣí i. Ẹ máa wo ìmọ́lẹ̀. Bó bá ń lọ tó ń bọ̀ nígbà tí ìdérí bá dé ibì kan, wáyà tó gba inú híńjì ni kí ẹ fura sí. Ojoojúmọ́ ni wáyà yẹn ń ká, tó ń nà, lọ́jọ́ kan á gé nínú láìjẹ́ pé ẹ rí i lóde. Owó rẹ̀ kéré gan-an sí ti ojú. Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í rántí: òòfà kékeré kan wà nínú ìdérí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, ohun kan sì wà nísàlẹ̀ tó ń fi òòfà yẹn mọ̀ pé wọ́n ti pa ìdérí dé. Ẹ gbé fóònù tí àpò rẹ̀ ní òòfà lé ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnnì, kọ̀ǹpútà lè rò pé ẹ ti pa òun dé, kó sì pa iná ojú rẹ̀. Ẹ kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kúrò ná. Ẹ sì tẹ bọ́tìnnì tó ń fi kún ìmọ́lẹ̀, kò ní pa yín lára.

Ti CCFL máa ń kéde ara rẹ̀ kó tó kú. Ojú náà á kọ́kọ́ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Nígbà tó bá yá, á tàn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á sì kú pii.

Ẹlòmíì á wá bi mí pé, "Tó bá jẹ́ iná ẹ̀yìn nìkan ló kú, ṣé mi ò lè pààrọ̀ òun nìkan?" Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n mi ò gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀. Ẹ máa tú inú ojú náà gan-an. Ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi mélòó kan ló wà níbẹ̀ tó sùn lé ara wọn, iṣẹ́ wọn ni láti mú kí ìmọ́lẹ̀ dọ́gba. Eruku kan ṣoṣo tó bá bọ́ sáàárín wọn, ẹ̀yin àti ẹ̀ lẹ ó jọ máa wo ara yín títí kọ̀ǹpútà yẹn á fi parí ayé rẹ̀. Ọ̀pá CCFL sì tún ní mákúrì nínú. Bó bá fọ́, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má fọwọ́ lásán kó o. Àfi tí wọn kò bá ṣe irú ojú yẹn mọ́ ni mo fi máa ń gbà kéèyàn tú u. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, tòun ti iná ẹ̀yìn rẹ̀.

Èwo lẹ máa rà? Ẹ má fi orúkọ láptọ́ọ̀pù ra ojú. Láptọ́ọ̀pù kan náà, ọdún kan náà, ojú tó wà lára wọn lè yàtọ̀. Ẹ kọ́kọ́ tú u, kí ẹ yí ojú náà padà, kí ẹ ka ìwé tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ wo eléyìí: N156BGE-E41. N yẹn ń sọ pé Innolux ló ṣe é. Tó bá jẹ́ B ló bẹ̀rẹ̀, AU Optronics ni. LP, LG ni. LTN, Samsung ni. 156 túmọ̀ sí ínǹṣì 15.6, láti igun dé igun. Ìparí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀fìn wà. Oríṣi ọ̀nà méjì ló wà tí àwòrán ń gbà inú wáyà dé ojú, eDP àti LVDS. E41 yìí ń lo eDP, ẹnu wáyà rẹ̀ ní pín-ìnnì 30, ìyẹn àwọn eyín irin wíńníwínní. N156BGE-L21 wà tó jọ ọ́ bí ìbejì, ṣùgbọ́n LVDS ni tiẹ̀, pín-ìnnì 40. Wáyà ọ̀kan kò lè wọ èkejì. Nítorí náà ẹ ka iye pín-ìnnì, ẹ wo bóyá ọ̀tún ni ẹnu wáyà wà tàbí òsì, ẹ wo etí irin tí wọ́n fi ń dè é, bóyá òkè àti ìsàlẹ̀ ló wà, tàbí ẹ̀gbẹ́, tàbí kò ní rárá. Bí ojú tẹ́lẹ̀ bá jẹ́ 1366×768, ìyẹn iye píksẹ́lì tó wà ní ìbú àti ní òró rẹ̀, tí ẹ sì fẹ́ gòkè sí 1920×1080, ẹ wádìí dáadáa kí ẹ tó rà, torí wáyà tó wà nílẹ̀ lè má gbé e.

Ní báyìí, bátìrì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ́tí sí mi níbí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe iṣẹ́ yìí, mo pa kọ̀ǹpútà, mo yọ ṣájà, mo rò pé ó ti tán. Bátìrì ṣì wà nínú, ó ṣì ń gbé iná. Mo ki wáyà bọ ojú tuntun, ó wọ́ díẹ̀ lọ́wọ́ mi, mo sì tún un kì. Nígbà tí mo tàn án, òkùnkùn. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, àwòrán wà níbẹ̀. Fíúsì iná ẹ̀yìn tó wà lórí motherboard, bọ́ọ̀dù ńlá inú kọ̀ǹpútà, ti jó, fíúsì tí kò ju horo iyanrìn lọ. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi ń bá ojú tuntun náà jà, ojú tí kò ṣẹ̀ mí. Nítorí náà: ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ bátìrì. Bó bá jẹ́ pé inú ló wà, ẹ tú ìsàlẹ̀ kọ̀ǹpútà kí ẹ fa ẹnu wáyà bátìrì kúrò lára motherboard. Lẹ́yìn náà ẹ di bọ́tìnnì tí a fi ń tàn án mú fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí iná tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ lè tán. Ẹ fọwọ́ kan irin kan tó fara kanlẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí ara wa náà máa ń kó iná jọ.

Férémù ike tó yí ojú ká ló kàn. Ẹ wo àwọn igun rẹ̀, rọ́bà pẹlẹbẹ máa ń bo síkúrù níbẹ̀. Ẹ fi abẹ́rẹ́ hú u. Ẹ ya àwòrán kọ̀ǹpútà sórí bébà, kí ẹ máa to síkúrù kọ̀ọ̀kan síbi tí ẹ ti yọ ọ́, gígùn wọn kì í dọ́gba. Ẹ wá fi ike tín-ín-rín, irú káàdì ìfowópamọ́ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, bọ àárín férémù àti ojú láti inú. Ẹ máa gbọ́ "pà, pà, pà". Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín, àwọn ìkọ́ rẹ̀ ló ń já. Ibi tí kò bá fẹ́ já, ẹ fi sílẹ̀, ẹ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ẹ tún padà wá. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àwọn kan kò ní síkúrù lójú rárá, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́: ẹ ó rí téèpù tó ń nà níbẹ̀, ẹ máa fà á díẹ̀díẹ̀, kó máa gùn jáde bí rọ́bà.

Ẹ tẹ́ aṣọ rírọ̀ sórí àwọn bọ́tìnnì. Ẹ tú síkúrù ojú náà, kí ẹ rọra dojú rẹ̀ bolẹ̀ sórí aṣọ yẹn. Ẹ má fà á, wáyà ṣì dì í mú nísàlẹ̀.

Kámẹ́rà, sún mọ́ ibí yìí. Téèpù mímọ́ kan bo ẹnu wáyà. Mo ń fi èékánná ṣí i láti igun. Irin tín-ín-rín kan wà lábẹ́ rẹ̀ bí ọwọ́ korobá. Mo gbé irin náà dìde. Ẹ wá wo ìka mi: mi ò gbé ẹnu wáyà sókè o, ńṣe ni mo ń fà á sẹ́yìn, kó máa yọ́ lórí bọ́ọ̀dù, lọ́tùn-ún díẹ̀, lósì díẹ̀. Ó ti jáde. Ẹni tó bá gbé e sókè lè fà á tu pẹ̀lú pín-ìnnì.

Ojú tuntun rèé. Etí rẹ̀ ni mo fi dì í mú, mi ò tẹ àárín rẹ̀, mi ò sì tíì ṣí ọ̀rá tó bo iwájú rẹ̀. Mo ti ẹnu wáyà wọlé gbọọrọ, mo wò ó pé ọ̀tún àti òsì wọlé dọ́gba, mo dá irin rẹ̀ padà, mo lẹ téèpù. Kí n tó de síkúrù kankan, mo dá bátìrì padà, mo sì tàn án. Ó tàn! Mo ṣí àwòrán funfun, mo ṣí pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, kí n lè mọ̀ bóyá píksẹ́lì kan ti kú. Irú èyí ni kí ẹ rí nígbà tí ẹ ṣì lè dá ojú náà padà fún ẹni tó tà á.

Mo pa á, mo tún yọ bátìrì. Mo de síkúrù, kò nílò agbára, bó bá ti dúró ó tó. Mo rí i pé wáyà kò há sábẹ́ híńjì, mo tẹ férémù padà láti igun dé igun títí gbogbo ìkọ́ fi dún, mo sì dá bátìrì sáàyè rẹ̀. Ẹ tàn án, ẹ ṣí ìdérí, ẹ pa á dé, lẹ́ẹ̀marùn-ún, jẹ́jẹ́, kí ẹ máa wo ìmọ́lẹ̀. Kò mì. Kò ṣẹ́jú. Ó yá, ẹ lè wá fa ọ̀rá iwájú rẹ̀ kúrò.