Ìgbà Wo Gan-an Ló Yẹ Ká Polówó Yàrá? Fún Ẹ̀yin Onílé Àlejò Kéékèèké n'Íbàdàn

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin onílé àlejò, ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó shortlet (ilé tí àlejò ń gbà fún ọjọ́ díẹ̀), ẹ̀yin tí ẹ ní yàrá mẹ́ta, mẹ́rin, tí ẹ fi ń gba àlejò ní Bódìjà, Akóbọ̀, Olúyọ̀lé, Jẹ́ríkò, níbikíbi tí ẹ bá wà n'Íbàdàn. Ọ̀rọ̀ àkókò la fẹ́ jọ sọ lónìí. Púpọ̀ nínú wa mọ fọ́tò yà, a sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e sórí Instagram. Ọjọ́ àti wákàtí ló ń dà wá láàmú. Ọjọ́ Ẹtì á dé, yàrá á ṣófo, ìgbà yẹn la óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa polówó. Ó ti pẹ́ jù nígbà yẹn. Ọ̀pọ̀ àlejò tó fẹ́ sùn n'Íbàdàn lọ́jọ́ Ẹtì ti sanwó síbòmíràn láti Ọjọ́rú. Ọjọ́ tí àlejò ń ronú ibi tó máa sùn ló yẹ kó rí wa. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín, bí a ṣe máa mọ ọjọ́ yẹn ni.

Ohun àkọ́kọ́: ẹ mú ìwé kan. Ẹ wo tèmi lórí tábìlì níbí. Mo fa ìlà sí i, ó di òpó márùn-ún. Nínú òpó kìíní ni ọjọ́ àti aago tí ẹni náà kọ́kọ́ béèrè wà. Ìkejì, ọjọ́ tí owó wọlé. Ìkẹta, ọjọ́ tó dé. Ìkẹrin, ìlú tó ti wá. Ìkarùn-ún, ohun tó bá wá. Ẹ jẹ́ kí n ka ìlà kan fún yín: ó béèrè lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́sàn-án àbọ̀ alẹ́, owó wọlé lọ́jọ́rú kí ọ̀sán tó pọ́n, ó dé lọ́jọ́ Ẹtì, Ìkẹjà ló ti wá, ìgbéyàwó ló bá wá. Ẹ wo ìlà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀: ó béèrè nínú oṣù Kẹsàn-án, ó sanwó lọ́jọ́ kejì, oṣù Kejìlá ló dé, Houston ló ti wá, ọdún Kérésìmesì ló bá wá, ó sì tún fẹ́ ṣe àjọ̀dún ìyá rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni àkọ́kọ́ béèrè nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kó dé, ẹni kejì nígbà tó ku oṣù mẹ́ta. Kò sí bí ìpolówó ọjọ́ kan náà ṣe máa bá àwọn méjèèjì.

Bí ẹ kò bá tíì máa kọ ọ́ sílẹ̀, kò burú. Ẹ ṣí WhatsApp, ẹ wo aago tí àlejò kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Bí ẹ bá wà lórí Booking.com tàbí Airbnb, ọjọ́ tí wọ́n gba yàrá àti ọjọ́ tí wọ́n dé wà níbẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ da ti oṣù bíi mélòó kan sẹ́yìn kọ sínú ìwé. Ẹ má sọ pé ẹ máa rántí. Àlejò tó bá ẹnìkan jà lórí omi gbígbóná lèèyàn máa ń rántí, a kì í rántí ọjọ́ tó kọ́kọ́ pè.

Ó kan kàlẹ́ńdà Ìbàdàn. Ẹ fara balẹ̀ síbí, nítorí ibí yìí gan-an lowó wà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí ìgbéyàwó. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, òde kì í tán n'Íbàdàn. Ọ̀pọ̀ ẹbí tó ń bọ̀ láti Èkó, Abúja àti Ìlọrin ni ilé ẹbí kò ní gbà mọ́. Nígbà tí aṣọ ẹbí bá jáde ni wọ́n ti ń mọ̀ pé àwọn máa wá, ṣùgbọ́n wọn ò tíì ní wá ibùsùn. Ọ̀sẹ̀ tó ku bíi méjì ni ọ̀rọ̀ ibùsùn máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú gúrúùpù WhatsApp ẹbí. Nítorí náà, ẹ bá alábòójútó gbọ̀ngàn àríyá tó sún mọ́ yín dọ́rẹ̀ẹ́. Ó ti mọ àwọn ọjọ́ Àbámẹ́ta tí gbọ̀ngàn rẹ̀ ti kún tipẹ́tipẹ́. Ẹ gba déètì wọ̀nyẹn, ẹ ka ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ẹ fi ìpolówó síbẹ̀.

Ó kan Yunifásítì Ìbàdàn (UI). Ọdún 1948 ni wọ́n dá a sílẹ̀, 17 oṣù Kọkànlá sì ni ọjọ́ ìdásílẹ̀ rẹ̀. Ayẹyẹ ìgboyè sábà máa ń wà nítòsí ọjọ́ yẹn. Àwọn òbí tó ń bọ̀ wá wo ọmọ wọn kì í dúró dìgbà tó bá ku ọ̀la. Ọjọ́ tí yunifásítì bá ti kéde déètì ni kí ẹ̀yin ará Agbówó, Sàmọ́ńdà, Bódìjà àti Òrógùn ti jáde. Ẹ má gbàgbé àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ láti ọ̀nà jíjìn lábẹ́ UI náà. Òṣìṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn mìíràn ń gbé l'Ékòó, wọ́n á wá ṣe ìdánwò, wọ́n á sì nílò yàrá tó dákẹ́ rọ́rọ́, tí iná ò sì ní lọ. Nígbà tí táìmùtábù ìdánwò bá jáde ni kí wọ́n rí yín.

Ti UCH, ọsibítù ńlá Yunifásítì Ìbàdàn, yàtọ̀ pátápátá. Ẹni tí wọ́n gbé aláìsàn rẹ̀ wá kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òun máa sùn n'Íbàdàn. Lójú ẹsẹ̀ ló máa ṣí Google Maps, tó máa wá ibi tó sún mọ́ ọsibítù. Kò sí ìpolówó tí ẹ lè ṣe sílẹ̀ de irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ohun tó máa mú un wá bá yín ni pé kí ilé yín ti wà lórí máàpù, kí nọ́ńbà yín máa lọ, kí ẹnìkan sì gbé e.

Iléyá ń kọ́? Ẹ má fi déètì èṣí ṣe ti ọdún yìí. Lọ́dún 2024, 16 oṣù Kẹfà ni Iléyá. Lọ́dún 2025, 6 oṣù Kẹfà ni. Oṣù tó ń lé lójú ọ̀run ni wọ́n fi ń kà á, ìdí nìyẹn tó fi ń fi ọjọ́ mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá ṣáájú ti èṣí lọ́dọọdún. Ààwẹ̀ Ramadan náà ń sún bẹ́ẹ̀. Ìgbà ààwẹ̀, òde máa ń dín kù, ti Lẹ́ńtì sì tún máa ń bá a pàdé nígbà mìíràn: ní 2026, ọ̀sẹ̀ kan náà ni ààwẹ̀ méjèèjì bẹ̀rẹ̀. Irú ìgbà bẹ́ẹ̀, ẹ má ná owó lórí àlejò ìgbéyàwó. Ẹ yíjú sí àwọn tó ń wá fún iṣẹ́ láàárín ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀: àwọn tó ń wá fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, àwọn tó ń bá IITA, ilé ìwádìí ọ̀gbìn, ṣiṣẹ́, àwọn oníṣirò owó tó wá yẹ ìwé ilé iṣẹ́ wò.

Àwọn ọjọ́ kan tún wà tí kò sí nínú kàlẹ́ńdà kankan. Ní 2025, Olúbàdàn, Ọba Owólabí Ọlákùlẹ́hìn, wàjà ní 7 oṣù Keje, Ọba Rashidi Ladoja sì gorí ìtẹ́ Olúbàdàn ní Mápó ní 26 oṣù Kẹsàn-án. Àárín méjèèjì lé ní oṣù méjì. Nígbà tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá jáde, ilé wo lẹ rò pé ó máa kọ́kọ́ kún? Ilé tó jáde lọ́jọ́ ìkéde ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí fóònù. Lórí Instagram, àkáǹtì yín gbọ́dọ̀ jẹ́ professional (ti oníṣòwò tàbí ti creator) kí ẹ tó lè rí Insights, ibi tí wọ́n ti ń fi ìṣirò àwọn tó ń wo ojú ìwé yín hàn. Ẹ wọ ibẹ̀, ẹ lọ sí ibi àwọn tó ń tẹ̀ lé yín, ẹ wá wákàtí tí wọ́n máa ń wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi wé òpó kìíní nínú ìwé yín. Bí méjèèjì bá bára mu, wákàtí yín nìyẹn. Bí wọn ò bá bára mu, ìwé ni kí ẹ gbà gbọ́, torí ẹni tó béèrè yàrá wà nínú ìwé. Ẹni tó kàn ń fẹ́ràn fọ́tò ló pọ̀ jù nínú Insights.

Fún ìpolówó olówó lórí Facebook àti Instagram, ohun mẹ́ta ni kí ẹ ṣọ́. Ti ibi tí ẹ ń fi hàn sí ló ṣe kókó jù. Ẹ má yan Ìbàdàn nítorí pé Ìbàdàn ni ilé yín wà. Ará Ìbàdàn ní ilé tirẹ̀. Ìlú tó wà nínú òpó kẹrin ni kí ẹ yàn. Ẹ̀ẹ̀kejì, bí ẹ bá yan owó àpapọ̀, èyí tí wọ́n kọ lifetime budget sí lára, ẹ máa rí ibi tí ẹ ti lè mú wákàtí tí ìpolówó máa jáde. Mo máa ń mú aago méje alẹ́ sí mọ́kànlá fún àlejò Èkó, nígbà tí wọ́n bá ti bọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ fi í sílẹ̀ ṣáájú, torí Facebook gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì lè gbà tó wákàtí mẹ́rìnlélógún.

Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun, aago tiwọn ni kí ẹ bá lọ. Bí ó bá jẹ́ aago mẹ́wàá alẹ́ níbí, aago mẹ́ta tàbí mẹ́rin ọ̀sán ni ní Houston, wọ́n ṣì wà níbi iṣẹ́. Lọ́ńdọ̀nù kò jìnnà sí tiwa. Nígbà ẹ̀rùn wọn, aago kan náà ni. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń rà kí wọ́n tó wá ibùsùn. Nítorí náà, fún oṣù Kejìlá, láti oṣù Kẹjọ ni kí ẹ ti máa jáde sí wọn, kí ẹ sì fọ́n owó náà ká títí wọ oṣù Kẹwàá.

WhatsApp ń kọ́? Status kì í kọjá wákàtí mẹ́rìnlélógún, ẹ má gbé e sókè láàárọ̀ kí ẹ máa retí ẹni tó máa wò ó lóru ọ̀la. Broadcast, ọ̀rọ̀ kan tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, ò lè gbà ju èèyàn 256 lọ, ẹni tó bá sì fi nọ́ńbà yín pamọ́ nìkan ló máa rí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ àlejò kí wọ́n tó lọ pé kí wọ́n fi nọ́ńbà wa pamọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń fi ránṣẹ́ rèé: “Ẹ kú alẹ́ o. A gbọ́ pé òde pọ̀ n'Íbàdàn ní Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún. Yàrá méjì ló kù. Sólà wà, ààyè ọkọ̀ wà. Ẹ jẹ́ ká mọ̀ kó tó di Ọjọ́rú.” Kò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbéèrè “iná ń kọ́?” ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín, ẹ ti dáhùn rẹ̀ sílẹ̀.

Ti fífi ilé yín sórí Google Maps, ìgbà tí ọjà bá dákẹ́ ni kí ẹ ṣe é. Wọ́n sábà máa ń ní kí ẹ ya fídíò ilé, kí wọ́n tó gbà pé ẹ̀yin lẹ ni ín, ó sì lè gba ọjọ́ bíi mélòó kan. Ẹ má dúró dìgbà tí Kérésìmesì bá ku ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, kí ẹlòmíràn fi máàpù wá ilé yín láti Mókọ́lá tàbí láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin Mọ́níyà, kí ẹ rí i bóyá ó máa gbé e dé ẹnu géètì.

Nígbà tí yàrá bá kún, ẹ pa ìpolówó. Lójú ẹsẹ̀ ni o. Owó yín ń lọ, àwọn tó ń pè tí wọn ò rí yàrá ò sì ní pè mọ́. Bí yàrá bá sì kù lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tí òde pọ̀, ẹ má já owó wálẹ̀. Àwọn tó ń pẹ́ kí wọ́n tó pinnu ṣì ń bọ̀, wọ́n sì máa san iye tó wà níbẹ̀. Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́rú tí kò sí nǹkan ni kí ẹ gbé ẹ̀dínwó lọ.

Bí ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fídíò yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ àdúgbò yín àti irú àlejò tó ń wá sọ́dọ̀ yín mọ́ ọn, torí ìdáhùn tí mo máa fún ará Sàngó yàtọ̀ sí ti ará Akóbọ̀.