Bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n lórí rìmóòtù bàálù kékeré

Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà sún mọ́ ọwọ́ mi. Ẹ wo àtàǹpàkò yìí, èyí tó wà lórí ọ̀pá ọ̀tún. Ó ń gbọ̀n. Ọdún 14 rèé tí mo ti ń wa bàálù kékeré tí wọ́n ń fi rìmóòtù darí láti ilẹ̀, síbẹ̀ bí bàálù bá jẹ́ tuntun, tàbí tí èèyàn mẹ́ta mẹ́rin bá dúró lẹ́yìn mi, bó ṣe ń ṣe mí nìyí: àyà á máa lù kìkì, ẹnu á gbẹ, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti gbé rìmóòtù pa mọ́ nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ gbé e jáde. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín lónìí ni pé gbígbọ̀n ọwọ́ kọ́ ló ń já bàálù lulẹ̀. Bí a ṣe ń di ọ̀pá mú pinpin torí a ò fẹ́ kí ọwọ́ gbọ̀n, òun gan-an ló ń já a.

Bí mo ṣe mọ̀ rèé. Lọ́jọ́ kan, mo fẹ́ gbé bàálù mi kejì balẹ̀, èyí tí apá rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo wá fún ọ̀pá mọ́wọ́. Bàálù ń bọ̀ jẹ́jẹ́, imú rẹ̀ ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ó ń falẹ̀ sí i. Àfi gbà tí apá òsì rẹ̀ wó, ó yí, ó forí gbálẹ̀. Mo ní rìmóòtù ló ṣe é. Ẹ̀gbọ́n kan tó dúró tì mí mi orí, wọ́n ní, "Rárá o, àbúrò. Ìwọ lò ń fà á. Ọwọ́ rẹ ò tiẹ̀ gbọ̀n mọ́ nígbà tó já, ó ti le bí igi." Mo lọ rò ó délé. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo ti ń fa elevator, pátákó ìrù tó ń gbé imú bàálù sókè, sẹ́yìn láìmọ̀, eré bàálù ti tán, atẹ́gùn ò sì lè gbé apá rẹ̀ dúró mọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí tábìlì, kí bàálù tó kúrò nílẹ̀ rárá.

Ẹ kọ́kọ́ yọ propeller kúrò, abẹ̀bẹ̀ tí mọ́tò ń yí yẹn. Ẹ má fi ìyẹn ṣeré, ọwọ́ tó ń gbọ̀n lè ta throttle, ọ̀pá tó ń fún mọ́tò lágbára, nígbàkigbà. Ẹ tan rìmóòtù, lẹ́yìn náà kí ẹ so bátìrì bàálù. Ó yá, ẹ di ọ̀pá mú gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe ń dì í mú tí bàálù bá wà lókè, kí ẹ wá wo aileron, pátákó pẹlẹbẹ tó wà létí apá yẹn. Kámẹ́rà, ẹ bá mi sún mọ́ ọn. Ẹ rí i bó ṣe ń mì wìrìwìrì? Ẹ tún gbọ́ servo nínú apá, mọ́tò kékeré tó ń yí pátákó náà, ó ń ké kín-ín-kín-ín. Gbígbọ̀n ọwọ́ mi nìyẹn.

Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù. Ọwọ́ gbogbo èèyàn ló ń gbọ̀n, títí kan tẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀ jù lọ, bí ìgbà 8 sí 12 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó kéré débi pé ojú kì í rí i ni. Tí ojora bá mú wa, ara á da adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀, gbígbọ̀n yẹn á wá di ńlá. Ṣùgbọ́n bàálù ní ìwọ̀n tirẹ̀, kì í tètè dáhùn. Kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí sọ́tùn-ún, ọwọ́ yín ti gbọ̀n padà sósì. Ohun tí bàálù ń gbọ́ ni ìtẹ̀ tó bá pẹ́: kéèyàn tẹ ọ̀pá síbì kan, kó sì há síbẹ̀. Ìyẹn ló ṣe mí lọ́jọ́ tí mò ń sọ yẹn.

Torí náà, ìdìmú ló kàn.

Ọ̀pọ̀ máa ń gbé àtàǹpàkò nìkan lé orí ọ̀pá. Kò burú, mo mọ ọ̀gá tó ń fò bẹ́ẹ̀. Àmọ́ fún ọwọ́ tó ń gbọ̀n, mo fara mọ́ kéèyàn fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ mú orí ọ̀pá pa pọ̀, bí ẹni mú ìyọ̀ díẹ̀ sọ́bẹ̀. Ẹ wò ó báyìí. Ìka mẹ́ta tó kù, mo fi wọ́n ti ara rìmóòtù. Àwọn ni òpó. Ìka méjì tó wà lórí ọ̀pá á wá ráyè ṣe iṣẹ́ wọn. Ẹ fún un bí ẹ ó ṣe fún ẹyin ẹyẹ: tẹ́ ẹ bá ti rí i pé orí èékánná yín ti ń funfun, ẹ ti fún un jù.

Ẹ lo okùn ọrùn. Bí ọwọ́ bá tún ń gbé rìmóòtù, kò ní pẹ́ rẹ̀ ẹ́, ọwọ́ tó bá sì ti rẹ̀ á túbọ̀ máa gbọ̀n. Ẹ jẹ́ kí okùn gbé e, kí ìgbọ̀nwọ́ yín sì fara ti ìhà. Àwọn kan ń lo àwo tí wọ́n ń gbé rìmóòtù lé níwájú ikùn, tí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì á sinmi lé e. Tó bá jẹ́ pé gbígbọ̀n yín pọ̀, mo rọ̀ yín kí ẹ wá ọ̀kan, ó ràn mí lọ́wọ́ ju ohunkóhun mìíràn tí mo tíì rà lọ.

Ohun kékeré kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Orí ọ̀pá yìí, ọ̀nà méjì ló pín sí, tí wọ́n lọ́ mọ́ra wọn. Ẹ tú u, ẹ fà á gùn díẹ̀, kí ẹ wá lọ́ ọ padà kó le. Bí ọ̀pá bá gùn, gbígbọ̀n kan náà ò ní mú un yẹ̀ tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Lára ọ̀pọ̀ rìmóòtù, ìdè kékeré (screw) wà lẹ́yìn tẹ́ ẹ lè fi mú spring ọ̀pá le sí i. Tẹ́ ẹ bá mú un le díẹ̀, ọwọ́ á rí nǹkan fara tì.

Ó wá kan expo, ètò kan tí à ń tẹ̀ sínú rìmóòtù. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ eléyìí.

Expo ń mú kí àárín ọ̀pá rọ̀, láìdín ohun tó wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀ kù. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọwọ́ yín gbọ̀n, ó ta ọ̀pá dé 10% kúrò láàárín. Láìsí expo, servo náà á lọ dé 10%. Tẹ́ ẹ bá fi expo sí 40%, bíi 6% péré ni servo á lọ. Tẹ́ ẹ bá tún fi dual rate, ètò tó ń dín gbogbo ìrìn servo kù, dín gbogbo rẹ̀ kù sí 70%, ó di bíi 4%. Gbígbọ̀n kan náà ni o, ọwọ́ kan náà, ṣùgbọ́n kò tó ìdajì rẹ̀ tó dé ara apá. Mo ti tẹ̀ ẹ́ wọlé báyìí. Ẹ tún wo aileron yẹn. Ọwọ́ mi ò tíì dákẹ́, àmọ́ ẹ rí i bí òun ṣe dákẹ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 30%. Tó bá pọ̀ jù, ẹ ó tẹ ọ̀pá, bàálù ò ní dáhùn, ẹ ó tún tẹ̀ ẹ́ sí i, lójijì á wá dáhùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ fi dual rate sórí switch kan, kí ẹ lè rí agbára yín gbà padà tí atẹ́gùn bá dé.

Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: lórí rìmóòtù Futaba, expo tó ní àmì ìyọkúrò níwájú ló ń mú àárín rọ̀. Lórí Spektrum, èyí tó ní àmì àròpọ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá yí i sódì, àárín ọ̀pá á mú bí abẹ. Ẹ má gbé e fò láìjẹ́ pé ẹ ti fi ojú ara yín rí i lórí tábìlì pé servo rọ̀.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ máa fò, ẹ jẹun. Ebi máa ń mú ọwọ́ gbọ̀n. Kọfí náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, èmi kì í mu ún mọ́ títí mo fi máa parí. Ìyẹn ò gba àlàyé púpọ̀.

Mímí ló gba àlàyé. Kí n tó gbé bàálù sílẹ̀, mo máa ń mí sínú fún ìṣẹ́jú àáyá 4, mo máa ń mí síta fún 6, nígbà márùn-ún. Èémí tó ń jáde lọ yẹn ló ń mú kí ọkàn lù díẹ̀díẹ̀, ẹ má kánjú lé e lórí. Ẹ tẹ orúnkún yín díẹ̀, kó má le. Tí bàálù bá wà lókè, ẹ sọ̀rọ̀ síta: "Mo ń yí sósì. Apá ti dọ́gba. Mo ń dín throttle kù." Ó lè jọ àsọdùn létí yín. Èmi wá rí i pé ní gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ balẹ̀, mo máa ń sé èémí láìmọ̀, ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ ò sì lè sé èémí.

Ó yá, a ti wà lókè. Ẹ gbé e ga tó àyè àṣìṣe méjì: bí ẹ bá ṣe àṣìṣe kan, tí ẹ tún ṣe òmíràn níbi tẹ́ ẹ ti fẹ́ tún ti àkọ́kọ́ ṣe, kí ilẹ̀ ṣì jìnnà. Ìbẹ̀rù máa ń mú kéèyàn fò nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ ni ewu wà.

Lókè níbẹ̀, ẹ tẹ trim, bọ́tìnì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá, títí bàálù á fi máa lọ tààrà fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ò lè ṣe: ẹ tú ọ̀pá ọ̀tún sílẹ̀. Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ẹ wo bàálù. Tó bá jẹ́ trainer, bàálù àwọn tó ń kọ́ṣẹ́, tí apá rẹ̀ wà lókè tó sì tẹ̀ sókè díẹ̀ lápá méjèèjì, fúnra rẹ̀ ni á dọ́gba padà. Mo ní kí ẹ ṣe èyí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá nínú ìfò kan. Ọjọ́ tí ara yín bá gbà pé bàálù lè fò láìjẹ́ pé ẹ dì í mú, ọjọ́ náà ni ìka yín á bẹ̀rẹ̀ sí í tú.

Tí bàálù bá kọjú sí yín, òsì á jọ ọ̀tún. Ibẹ̀ ni ojora pọ̀ jù. Ẹ má ṣírò. Ẹ wo apá tó wó sísàlẹ̀, kí ẹ ti ọ̀pá sí ìhà tó wó sí, bí ẹni fi igi gbé e ró. Ẹ tún fi aago rìmóòtù sí ìṣẹ́jú 5, kí ẹ má baà máa ro bátìrì mọ́ ọn.

Fún bíbalẹ̀, ẹ má gbìyànjú láti balẹ̀. Ohun tí mo sọ nìyẹn. Ẹ gba orí pápá kọjá nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún, pẹ̀lú ìpinnu pé ẹ ò ní balẹ̀. Tí ọwọ́ bá gbọ̀n níbẹ̀, kò sí ohun tó bàjẹ́, ẹ ṣáà ń kọjá lọ ni. Tí kò bá bá yín lára mu, ẹ kọ́kọ́ fún un ní throttle, ẹ mú apá dọ́gba, lẹ́yìn náà kó gòkè. Throttle ló ṣáájú o. Ọwọ́ tó ń bẹ̀rù máa ń fẹ́ fa elevator kọ́kọ́, ohun tó já tèmi nìyẹn.

Tí olùkọ́ bá wà tó lè so rìmóòtù tirẹ̀ mọ́ tiyín, kó lè gbà á lọ́wọ́ yín nígbàkigbà, ẹ gbà bẹ́ẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Simulator lórí kọ̀ǹpútà náà dára: ọwọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ̀n níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìka á mọ ọ̀nà, kò ní máa dúró de ìrònú.

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n nígbà tó bá gbé ife omi, tàbí nígbà tó jókòó jẹ́jẹ́, kó lọ rí dókítà. Àìsàn wà tó ń fa á, oògùn wà tó ń fa á pẹ̀lú, irú bíi salbutamol tí àwọn tó ní ikọ́ asthma ń fi ẹnu fà sínú. Ẹ má gba oògùn lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ nítorí bàálù.

Mo ti ń bọ̀ wá balẹ̀ báyìí. "Apá dọ́gba. Mo ń dín throttle kù. Mo ń tú ọwọ́." Táyà ti kan ilẹ̀. Ó dúró.

Ẹ tún wo ọwọ́ mi. Ó ń gbọ̀n ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ! Adrenaline ò tíì kúrò lára ni, á gba ìṣẹ́jú mélòó kan. Àsìkò yìí gan-an ni propeller máa ń gé èèyàn lọ́wọ́, torí à ń sáré lọ gbé bàálù, ìka tó ń gbọ̀n sì wà lẹ́bàá throttle. Ẹ wo switch tí mo fẹ́ tẹ̀ yìí: throttle cut. Mo ti tẹ̀ ẹ́. Mo wá ti ọ̀pá throttle síwájú láti dán an wò, mọ́tò ò dún. Mo fà á padà sísàlẹ̀. Ó ku kí n rìn lọ síbẹ̀ jẹ́jẹ́, kí n yọ bátìrì, kí n sì jókòó títí ọwọ́ mi á fi dákẹ́ kí n tó so òmíràn.