Henry Lee Lucas: Apànìyàn tó ń jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe

Àwọn àgbà ní ẹlẹ́jọ́ tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ti Henry Lee Lucas, ará Amẹ́ríkà kan, tún kọjá bẹ́ẹ̀: bó ṣe ń jẹ́wọ́ ni wọ́n ń kẹ́ ẹ.

Ẹ má rò pé èèyàn ire ni o. Ní 1960, ìyá tó bí i lọ́mọ ló pa ní Michigan. Nígbà tí wọ́n mú un ní Texas ní 1983, ó jẹ́wọ́ pé òun pa ìyá arúgbó kan àti ọmọdébìnrin tó ń bá òun rìn. Àfi bó ṣe dé iwájú adájọ́ tó ní òun ti pa bí 100 obìnrin mìíràn.

Ilé ẹjọ́ kan gógó! Àwọn Texas Rangers, ìyẹn ọlọ́pàá ìwádìí ìpínlẹ̀ Texas, gbé e lọ sí àhámọ́ ní Georgetown, làwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bá ń ti ìpínlẹ̀ kan dé ìkejì gbé fáìlì wá bá a. Wọ́n á fi fọ́tò òkú hàn án, wọ́n á bi í léèrè. Bó bá ṣì í sọ, wọ́n á tún bi í. Ẹni tí wọ́n ti fi ìdáhùn hàn, kí ló kù tí kò ní mọ̀? Sìgá ń bẹ, mílíkíṣéèkì ń bẹ. Ẹjọ́ tó gbà lé ní 600. Àwọn ọlọ́pàá sì ti torí ẹ̀ pa fáìlì tó ju 200 dé.

Ẹ wo ọ̀kan. Lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1979, wọ́n rí òkú ọmọbìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nítòsí Georgetown. Ìbọ̀sẹ̀ aláwọ̀ ọsàn nìkan ló wà lára rẹ̀. Lucas ní òun ni, wọ́n sì dájọ́ ikú fún un ní 1984. Bẹ́ẹ̀ ìwé ibi iṣẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ó ń kan òrùlé ní Jacksonville, Florida, lásìkò yẹn. Ọ̀nà ibẹ̀ lé ní 1,500 kìlómítà!

Akọ̀ròyìn Hugh Aynesworth ló tú àṣírí náà nínú Dallas Times Herald ní 1985: ó to ọjọ́ ìpànìyàn ti ọjọ́ iṣẹ́, kò bára mu. Agbẹjọ́rò àgbà Texas náà kọ ìwádìí tirẹ̀ jáde ní 1986. Síbẹ̀, ọdún 1998 ni Gómìnà George W. Bush tó yí ìdájọ́ ikú náà sí ẹ̀wọ̀n gbére. Òun nìkan ṣoṣo ni Bush ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Lucas kú sẹ́wọ̀n ní 2001.

Ní 2019, DNA jẹ́ kí wọ́n mọ orúkọ ọmọbìnrin onítọ̀hún. Ẹni tó pa á ni wọn ò tíì mọ̀.